Má Gbé Etí Ìmọ̀ta Lọ Sórí Òkè Jọ́ọ̀sì

Èmi Olúṣọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹdẹ, tí mo háyà yàrá nílé Bàbá Súnmọ́nù ní Ágíríìkì, Ìkòròdú, ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá kò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ̀wé sí ọmọ wọn obìnrin, Ràfíátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní ìlú Jọ́ọ̀sì, níbi tí yóò ti máa wa bàálù kékeré, tí yóò sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rán wọn létí pé fóònù wà. Wọ́n ní, "Fóònù ni ọmọ yẹn fi ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu." Ẹnu wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ti wá. Ibi tí èmi bá ti dá sí i, màá sọ pé èmi ni.

Ràfíátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ. Ara mi le. Ìyá rẹ náà wà, ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí ẹ̀rù ń bà mí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í kí ènìyàn pẹ́.

O ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbé bàálù gbéra lórí òkè yẹn, ìwọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń pè mí ní Bàbá Páìlọ́ọ̀tì. Mò ń dá wọn lóhùn, mò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń wí pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi rí ọ̀sà, ọ̀sà náà ló sì ń bà á lẹ́rù títí dòní. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

O rántí Iléyá tó kọjá, nígbà tí mo ní kí o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi. O fa sítóòfù ìyá rẹ sí àárín ilé láti fi ṣe àpẹẹrẹ. O ní bọ́tìnnì pupa kan wà níwájú awakọ̀. Bí o bá tì í wọlé pátápátá, bẹntiróò púpọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Bí o bá ń fà á jáde, bẹntiróò á máa dín kù, atẹ́gùn ló máa pọ̀ jù. O ní ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí o ti kọ́ṣẹ́, pupa gbọ́dọ̀ wọlé pátápátá nígbà tí ẹ bá ń gbéra, nítorí pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fà, bẹntiróò tó lé yẹn ló ń tù ú lára kó má baà jóná.

Mo ní, "Bẹntiróò ló wá ń pa iná?" Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín.

O ní, "Kì í pa iná, Bàbá. Ó ń gba díẹ̀ nínú ooru mọ́ra ni."

Ó yé mi. Ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ.

O wá ní òkè Jọ́ọ̀sì yàtọ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bí oòrùn ọ̀sán bá sì mú, á tún fẹ́lẹ́ sí i. Bí o bá ti pupa wọlé pátápátá níbẹ̀ bíi ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ, bẹntiróò á bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Bàálù á máa sáré lórí ilẹ̀, kò ní fẹ́ dìde, igi á sì wà níwájú. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ fà á jáde níwọ̀nba kí ẹ tó gbéra. O sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ bí a ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Sítóòfù kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sókè rí, Àbẹ̀kẹ́. Mo bi ọ́ pé báwo ni wàá ṣe mọ ìwọ̀nba náà.

O ní, "Etí mi á sọ fún mi, Bàbá. Ṣebí ọmọ yín ni mí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa mí lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí. Etí.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn etí fún ọ. Bàbá mi, Kásálí, àgbẹ̀ ni ní Ìmọ̀ta. O kò bá a láyé. Kò rán mi nílé ìwé. Ó ní ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ gbìn kò ní fi ebi sùn. Nígbà tí mo dàgbà, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré oníbẹntiróò ló ń yí i, ó sì fi mí sídìí rẹ̀. Ní Ìmọ̀ta nígbà náà, ohùn ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀gá. Súkúrù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń pín bẹntiróò fún un. Bí o bá dè é, bẹntiróò á dín kù, ohùn á lọ sókè, á mú ṣáṣá. Bí o bá tú u, ohùn á wúwo, èéfín dúdú á máa jáde. Àwọn obìnrin tó tò pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gẹ́ lórí kì í dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ẹ̀rọ ti ọ̀hún bó ṣe ń húkọ́! Ọ̀bàyéjẹ́ ni, bẹntiróò ló ń fi ṣe omi mu!"

"Ẹ wá gbọ́ ti Súnmọ́nù, ó ń kọrin!"

Orí bàbá mi á wú. Á ní, "Ọmọ àgbẹ̀ kì í da nǹkan nù." Bí mo ṣe ń dè é sí i ni wọ́n ń yìn mí sí i. Kò sì sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé á rin abọ́ kan, á sinmi kí wọ́n tó gbé òmíràn dé. Ìsinmi yẹn ló ń gbà mí là. Èmi rò pé etí mi ni.

Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo bọ́ sídìí ọkọ̀ ojú omi, mò ń gbé èrò láti èbúté Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Obìnrin kan ló ń ta bẹntiróò fún wa ní èbúté, Ìyá Wàídì, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Aṣọ funfun ló fi ń sẹ́ bẹntiróò kó tó bù ú fún ènìyàn. Àwọn awakọ̀ àgbà rí mi pẹ̀lú súkúrù-díráfà, wọ́n pè mí.

"Súnmọ́nù, ẹ́ńjìnnì omi kì í sinmi. Láti èbúté dé èbúté ló ń fà. Inú bẹntiróò rẹ̀ ni òróró rẹ̀ wà. Bí o bá fi bẹntiróò dù ú, òróró náà lo fi dù ú."

Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì mi ní Ìmọ̀ta rí?"

Wọ́n ní, "A gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rì sínú gàrí rí."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, inú bí mi, mo tún wá dè é sí i. Agídí yẹn ni mo bí mọ́ ọ. Tíṣà, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó mọ̀ pé alágídí ni òun.

O pé oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ fẹ́ gbé ọ lọ han àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó pọ̀n ọ́, ó jókòó nítòsí mi, èrò kún ọkọ̀. Kí a tó ṣí, mo yọ súkúrù-díráfà, mo dè é díẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ni mò ń lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mi kọrin wọ èbúté Ẹ̀pẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn.

Ó kọrin lóòótọ́. Nígbà tó ṣe, ìyá rẹ fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Bàbá Ràfíátù, ohùn yìí ga ju ti àná lọ."

Mo ní, "Kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Ìwọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a dé agbami, tí igi Ìkòròdú ti parẹ́, tí ti Ẹ̀pẹ́ kò tíì yọ, ohùn náà lọ sókè sí i, ó dùn, ó dùn títí ó fi di igbe. Nǹkan kan lù nínú irin bí ẹni fi òkúta lu agolo. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. N kò gbàgbé ìdákẹ́ yẹn. Atẹ́gùn yí ọkọ̀ dábùú, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn obìnrin ń fi abọ́ gbọ́n omi, ọkùnrin kan ń fi fìlà rẹ̀ gbọ́n ọn. Mo di okùn ẹ́ńjìnnì mú, mò ń fà á, kò yí. Ó ti gan. Wọ́n tú ọ lẹ́yìn ìyá rẹ, wọ́n ń gbé ọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ sí imú ọkọ̀, níbi tó ga jù. O jí, o ń ké. Omi ti dé orúnkún mi. Ẹkún rẹ ni mo fi mọ̀ pé o ṣì wà.

Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ló rí wa, wọ́n sì fà wá dé ilẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Nígbà tí a gúnlẹ̀, gbogbo èrò dojú kọ mí, àwọn àna mi náà dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo la ẹnu mi.

Ibí ni Bàbá dákẹ́ sí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọn kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní kí n mú bíírò, a ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá, Ìyá àti èmi la jọ lọ. Ẹ̀yìn ilé Ìyá Wàídì, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ni mo ti kọ èyí tó kù. Èmi Olúṣọlá ni.

Ràfíátù, mo la ẹnu mi, mo ní, "Bẹntiróò Ìyá Wàídì ni. Omi ló wà nínú rẹ̀."

Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kò sí awakọ̀ tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ẹ̀pẹ́, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn yan ẹja. Èmi fúnra mi ni mo tú ẹ́ńjìnnì náà. Ihò wà lórí písítìnnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, etí ihò náà sì ti yọ́ bí àbẹ́là. Omi kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ooru ló ṣe é. Mo fi àkísà wé e, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Orí ibùsùn yẹn náà ni o ti ń fò sókè nígbà tí o wà ní kékeré, tí o ń ṣe bíi bàálù.

Lónìí ni mo gbé e wá síbí. Mo gbé e ka iwájú Ìyá Wàídì. Ó nu òróró ẹja kúrò lọ́wọ́, ó mú un, ó ti ìka bọ ihò náà.

"Kí lèyí?"

"Písítìnnì ọjọ́ yẹn ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹ mọ ọjọ́ náà, Ìyá Wàídì. Bẹntiróò yín dára. Èmi ni mo de súkúrù."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó yí ihò náà sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Súnmọ́nù, ṣé o mọ̀ pé èmi náà gbà á gbọ́? Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń ronú pé ṣé mo gbàgbé láti sẹ́ ti ọjọ́ yẹn ni. Mo rò pé ọwọ́ tèmi ló fẹ́ pa ọmọ yẹn."

Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Mo rí i nígbà tó yọ súkúrù-díráfà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà dákẹ́."

Iṣẹ́ Ìyá Wàídì nìkan ni mo rò pé mo gbà. N kò mọ̀ pé mo gbé ẹ̀bi mi lé e lórí, tó sì ń rù ú kiri. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lónìí ló bá tèmi.

Ó dára. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Fetí sílẹ̀.

Èkíní, má gbé etí ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ títì pupa wọlé pátápátá kí o tó gbéra, ó ti mọ́ ọn débi pé kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ọwọ́ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ Ajé, kí o tó gbéra, dúró lórí ilẹ̀ ná. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké, kí o máa fa pupa jáde díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo aago tí o sọ fún mi pé ó ń ka yíyí rẹ̀. Ibi tó bá ti ga jù, dúró níbẹ̀, kí o tì í padà díẹ̀ sí apá bẹntiróò. Aago ni kí o gbà gbọ́. Etí máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Ẹ́ńjìnnì mi kò kọrin dùn tó ti ìgbà tó fẹ́ kú rí.

Bí o bá ṣe é ní òwúrọ̀, tún un ṣe ní ọ̀sán. Má sọ pé o ti ṣe é láàárọ̀. Oòrùn ti yí atẹ́gùn padà.

Èkejì ni ti ọkùnrin ibi iṣẹ́ yín, tí o ní ó máa ń fa pupa jáde ní kété tí bàálù bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀gá yín sì ń yìn ín pé kì í fi bẹntiróò ṣòfò. Mo mọ ọkùnrin náà. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni. Ọmọ ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́, ìyìn bẹ́ẹ̀ á dùn mọ́ ọ. Ìkankan nínú àwọn tó ń yìn mí ní Ìmọ̀ta kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí o bá ń gun òkè, má kánjú. O ní bí bàálù bá ṣe ń ga sí i ni ẹ máa ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ lo wí, díẹ̀díẹ̀ ni kó jẹ́. Aago ooru wà níwájú rẹ. Bí ooru bá ń lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ti pupa padà, kí o rẹ imú bàálù sílẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì lára.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. "Bàbá, wọ́n ti kọ́ wa." Àwọn awakọ̀ àgbà kọ́ èmi náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì ọ́ ńkọ́? Bó bá ní, "Ọ̀gá, ohùn yìí yàtọ̀," má ṣe dá a lóhùn bí mo ṣe dá ìyá rẹ lóhùn. Ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe ọjọ́ kìíní rẹ̀. Wo aago. Bí kò bá sí nǹkan kan, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mélòó ni mo ti kà, Tíṣà? Ó ní mẹ́ta. Ọ̀kan ló kù, òun ló sì wúwo jù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí Ọlọ́run sì mú ọ gúnlẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dúró, ojú á tì ọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ á sì rọrùn láti dárúkọ. Sọ pé, "Ọwọ́ mi ni." Sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi kò sọ ọ́, wo bí mo ṣe dàgbà tó kí n tó wá sọ ọ́ nídìí ààrò ẹja.

N kò ní kí o má fò. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ìyá rẹ ló ní, "Ẹni tó ní obìnrin kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì ló tún fẹ́ lé obìnrin sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù?" Fò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà ọ́ díẹ̀. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò.

Mo bẹ Ìyá Wàídì pé kó dárí jì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú, Tíṣà rí mi. Ó ní kí n dìde, pé mo ń dínà fún ẹni tó ń ru igi. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí Tíṣà kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí:

"Sọ fún ọmọ náà pé písítìnnì yìí wà lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ Ajé, bó bá ti gúnlẹ̀, kó pè mí kó tó pe bàbá rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ jókòó kó máa dúró, kó mọ bí ó ṣe máa ń rí kí ènìyàn máa dúró láìmọ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn ọmọ náà, nígbà náà ni màá mọ̀ bóyá mo ti dárí ji Súnmọ́nù."

Tíṣà ti kọ nọ́ńbà fóònù Ìyá Wàídì sẹ́yìn ìwé yìí. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, yóò fi ìwé náà lé awakọ̀ tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní gáráàjì Ìkòròdú. Fi í sínú àpò rẹ. Pè é, Àbẹ̀kẹ́. Èmi á jókòó. N kò ní pè ọ́, n kò ní da ọwọ́ rẹ rú. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ibi tí mo bá jókòó sí lọ́jọ́ náà, kò sí ohùn kan tí etí mi yóò máa wá bí kò ṣe tìrẹ.

Bàbá rẹ ni.

Kò sí yíǹkì, dúdú ara ààrò ẹja ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Súnmọ́nù, ọmọ Kásálí, ará Ìmọ̀ta.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sàláwà, ìyá Ràfíátù, tó gbọ́ ohùn náà lọ́jọ́ náà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá Wàídì, ará Ẹ̀pẹ́, tí omi kò sí nínú bẹntiróò rẹ̀.